Èmi Ni Ẹnu Àbúrò Mi Adití, Mo Sì Purọ́ Mọ́ Ọn

Mo purọ́ mọ́ àbúrò mi obìnrin, irọ́ náà ò sì tíì tán... ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí sí yín. Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ewé yìí, ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìmọ̀ràn tí ẹ ń gba àwọn ẹlòmíràn, n ò mọ̀ pé yóò kàn mí.

Òkè-Fìà l'Óṣogbo ni ilé wa. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní reluwé, màmá mi ń ṣe àdìrẹ. Mo jáde fásitì ní èṣí, mo sì ń kọ́ni ní ilé ìwé girama kan n'Íléṣà, ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń wálé. Àbúrò mi, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Àṣàkẹ́, àìsàn kan ló di í létí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà fún gbogbo ọmọ, ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá mú un lọ sí ilé ìwé àdúgbò, ọ̀gá ibẹ̀ ní òun ò mọ ohun tí òun fẹ́ fi kọ́ ọ, kó máa ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ìdí ìkòkò aró ló wà títí di òní.

Èmi àti ẹ̀ la jọ dá èdè ọwọ́ kan sílẹ̀ láti kékeré. Bó bá ju ọwọ́ bí ẹni ń fi àsíá dá ọkọ̀ ojú irin dúró, Bàbá ló ń wí. Bó bá fọwọ́ ra apá rẹ̀ dé ìgbúnwọ́, Màmá ni, torí ibẹ̀ ni aró máa ń dé lára wọn. Àwọn òbí mi gbọ́ ti "wá jẹun" àti "dìde", kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Nílé wa, ẹ̀gbọ́n ló ń gbẹnu sọ fún àbúrò níwájú àlejò, ti Àṣàkẹ́ wá yàtọ̀, torí bí mo bá yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Lẹ́yìn Iléyá, olùkọ́bìnrin kan wá láti ilé ìwé àwọn adití n'Íbàdàn, kò dàgbà jù mí lọ púpọ̀. Ó ń ti ilé dé ilé wá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kiri. Ó ní lókè òkun, adití ń kàwé dé fásitì. Bàbá ní kí n bi Àṣàkẹ́ fúnra rẹ̀, pé àwọn ò ní fi tipá mú ọmọ tí kò lè ké gbàjarè lọ sí ọ̀nà jíjìn. Mo bi í. Mọ́tò, ìwé, ọ̀pọ̀ ọmọ bíi tìrẹ... kò jẹ́ kí n parí. Ó fi ìka méjì rìn gorí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, "mò ń lọ" nìyẹn láàárín àwa méjèèjì, olùkọ́ náà pàápàá ò mọ̀ ọ́n, ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Màmá rí omi ojú náà, wọ́n ní, "Ẹ ò rí i, ẹ̀rù ń bà á." Bàbá kọjú sí mi: "Ìwọ lo gbọ́ èdè rẹ̀. Kí ló wí?"

Mo ní, "Ó ní òun ò lọ. Ọ̀dọ̀ Màmá lòun fẹ́ wà."

Kí ló dé tí mo sọ bẹ́ẹ̀? Mo kọ́kọ́ ní torí iṣẹ́ Màmá ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìbátan wa kan ní Ìdó-Ọ̀ṣun ti ṣe tán láti wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo tún ní mo gbọ́ pé àwọn ilé ìwé adití kan máa ń na ọmọ tó bá fọwọ́ sọ̀rọ̀. Lóòótọ́ ni mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n olùkọ́ náà ti ní tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ fi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ hàn wá. Bóyá ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ obìnrin yẹn yá, tiwa wá dà bí eré ọmọdé, Àṣàkẹ́ sì ń wò ó bí kò ṣe wo ọwọ́ mi rí. N ò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́ ọ. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò títí, n ò rí ìdí míràn.

Láti ìgbà náà, Àṣàkẹ́ ló ń kọ́kọ́ wẹ̀ láràárọ̀. Mọ́tò tó bá dúró lójú títì, á dìde. Ó ń bi mí ìgbà tí wọn yóò wá mú un, mo ń ní ọ̀la... ọ̀la wo? Ní Jímọ̀ tó kọjá, Màmá na ọwọ́ aró wọn, wọ́n fi ìka méjì rìn gorí àtẹ́lẹwọ́: "Tíṣà mi, kí lèyí? Ó ń ṣe é fún mi ṣáá, n ò mọ èsì tí mo fẹ́ fún un." Mo ní n ò mọ̀.

Olùkọ́ náà yóò tún gba ọ̀dọ̀ wa kọjá kí ilé ìwé tó wọlé. Ó ní bí ọdún yìí bá kọjá, Àṣàkẹ́ yóò ti dàgbà jù fún kíláàsì àkọ́kọ́ wọn. Mo mọ̀ pé mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún Bàbá, ìbínú wọn kọ́ ni mo ń sá fún. Àṣàkẹ́ ni. Bí mo bá dákẹ́ fún un, yóò lọ, yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ṣé mo lè gba irú ọpẹ́ bẹ́ẹ̀? Bí mo bá sì sọ fún un, ta ló kù nílé tó máa gbára lé títí ọjọ́ tí yóò lọ? A ò ní àmì kankan fún irọ́ láàárín wa, kò sígbà tí a nílò rẹ̀ rí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sọ fún un, àbí kí n jẹ́ kó lọ láìmọ̀? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Àṣàkẹ́, èwo lẹ máa fẹ́?