Nítorí Etí Rẹ Tó Di

Àbígbẹ̀yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ìwé ń wọlé? Ara tèmi le bí pákó tí mo ń rẹ́, ìyá rẹ náà wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Orí tí o fi ń kàwé kò ní fọ́ ọ. Àmín.

Ọ̀rọ̀ etí rẹ ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bárbà ojúlé kejì fi orí oníbàárà sílẹ̀ ní ààbọ̀, ó gbé fóònù rẹ̀ wá, ó ní ká wá wo ọmọ wa ní yunifásítì. Ìwọ náà ni lóòótọ́, o jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, búrọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu rẹ, ọṣẹ ìfọyín ń hó, o ní ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹbí mi. A kò kọ́ ọ pé kí o máa kí àgbà láì tíì fọnu tán, ṣùgbọ́n ìkíni ni ìkíni. Ìyá rẹ dáhùn, èmi náà dáhùn, a bi ọ́ bóyá o sùn dáadáa. O ò fèsì, ọ̀rọ̀ ìpara kan tó ń mú ara dán lo ń sọ lọ. Mo ní kí bárbà dá a padà síbẹ̀rẹ̀. O tún kí wa, a tún dáhùn, ìyá rẹ tiẹ̀ pariwo débi pé ajá bárbà sá jáde, pàbó, ìpara lo tún bá lọ. Ni ìyá rẹ bá bú sẹ́kún, ó ní ọṣẹ ìfọyín ti ṣàn wọ ọmọ òun létí.

Bárbà ń rẹ́rìn-ín, ó ní òun á bá wa kọ̀wé sábẹ́ àwòrán rẹ. Mo ní kó kọ ọ́ pé bàbá rẹ ń kí ọ, ìyá rẹ ń sunkún, ṣé o gbọ́? Kò pẹ́ tí ojú róbótó kan fi ti ọ̀dọ̀ rẹ dé, ó pọ́n bí ìyeyè, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. Ìyá rẹ ní ó parí, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ti kún ti etí.

Èyí tó dùn mí ni pé lábẹ́ àwòrán yẹn kan náà, ẹni tí a kò mọ̀ rí kọ̀wé bi ọ́ ní orúkọ ìpara yẹn, o dá a lóhùn kíá, o tún pè é ní ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní etí yìí mà ń gbọ́ ti àlejò. Ìyá rẹ ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀, pé àìsàn ni. Mo gbà fún un, torí tí kì í bá ṣe àìsàn, kí la ó pè é?

Ìyá rẹ ti rí ẹni tí yóò ra ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ká lè fi gbé ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bọ̀ wá gbé e, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ yẹn ló rán aṣọ tí o wọ̀ lọ sí yunifásítì. Awakọ̀ tó ń kó pákó fún mi ni mo fi lẹ́tà yìí rán, yóò bá ọ lọ́la. Mo ti fẹ́ bẹ̀ ọ́ pé kí o fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ìṣó, ṣùgbọ́n má fi ránṣẹ́ mọ́, fi owó náà wọkọ̀ wálé. Tí ọ̀nà ò bá sì là, pe fóònù bárbà kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Má fi ojú ìyeyè ránṣẹ́ mọ́. Kí wa, ká dáhùn, kí ìwọ náà fèsì, ẹ̀rọ kò ní kúrò nílé.

Títí dìgbà yẹn, gbogbo àárọ̀ ni ìyá rẹ ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù bárbà lọ dáhùn ìkíni rẹ, kó má baà di pé ọmọ kí ilé, ilé ò dá a lóhùn.

Etí rẹ kò ní di sí ohùn ilé. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ, káfíńtà.