Obìnrin tó fi oorun rẹ̀ fún odò

Sátidé, Iléṣà

Mo ti dé láti Òkè Baálẹ̀, Òṣogbo. Bùkọ́lá ọmọ mi ò wọ ẹgbẹ́ awo kankan. Olúwa ṣeun.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbààwẹ̀ nítorí ohun tí mo kà nínú ìwé àjákọ tó gbàgbé sílé: "Mo ti fi oorun mi fún odò." Mo rò pé ìjẹ́wọ́ ni.

Ẹ̀rín pa Bùkọ́lá nígbà tí mo sọ fún un. "Mọ́mì, ìtàn ni mò ń kọ. Ẹ̀ bá ti pè mí kí ẹ tó febi pa ara yín."

Ó fi àwọn ìwé ìtàn idán tó máa ń kà hàn mí. Ó ní inú wọn lòun ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá gba agbára nínú ìtàn gbọ́dọ̀ pàdánù nǹkan, kí òǹkàwé tó lè gbà á gbọ́. Ló bá ka tiẹ̀ fún mi. Obìnrin kan fẹ́ máa rí àwọn ọmọ rẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá wà. Odò ní kó mú oorun rẹ̀ wá.

Ta ló sọ fún un pé n kì í sùn?

Mo bi í bóyá odò máa dá a padà.

"Mi ò tíì mọ̀, Mọ́mì. Kí lẹ rò?"

Mo ní kó má dá a padà, bí àwọn ọmọ bá ṣáà ti wà.

Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.