Bàbá, Ogójì Ọjọ́ Yín Bọ́ sí Ọjọ́ Àṣekágbá

Bàbá mi, télọ̀ mi,

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ yín ni mo jókòó sí, ní ṣọ́ọ̀bù Táíwò Road, lórí àga tí ẹ tẹ́ àkísà mẹ́ta sí kó má bàa máa dùn yín ní ìdí. Ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Ìsíákà, ti ta òróró sí ẹ̀rọ náà. Ó ní òun fẹ́ tà á, Ìyá ní kó dán an wò ná. Nítorí náà ó ṣì wà níbí, èmi náà sì wà níbí.

Ara Ìyá le. Wọ́n ti ń jẹun dáadáa, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn aládùúgbò jà lórí omi, ẹ ò rí i pé ọkàn wọn ti ń balẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n á pọn omi ìwẹ̀ yín gbé síbi tí ẹ máa ń fẹ́ kó wà, wọ́n á dúró wò ó díẹ̀, wọ́n á wá fi fọ abọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bọ́ọ̀lù básíkẹ́tì mi, mo mọ̀ pé òun lẹ fẹ́ gbọ́.

A dé àṣekágbá, Bàbá. Mo ti ṣàlàyé ẹ̀ fún yín rí títí ó fi sú mi: ẹgbẹ́ méjì á pàdé lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni tó bá borí lẹ́ẹ̀mejì ló gbé ife. Kò tíì yé yín ìdí tí wọn kì í fi gbá ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kí kálukú lọ kírun. Lọ́dún yìí, a borí ìkíní nílé wọn, wọ́n nà wá ní ìkejì, ìkẹta sì wá kù. Ìlọrin níbí ni wọ́n fi í sí, ọjọ́ Sátidé, agogo méjìlá ọ̀sán.

Ẹ rántí pátákó tí wọ́n gbé síwájú gbọ̀ngàn ìṣeré, tí àwòrán mi wà lára ẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e síbẹ̀, ẹ gun ọ̀kadà lọ wò ó. Gbogbo ayé ń kí yín kú oríire, ohun tí ẹ̀yin rí ni pé apá aṣọ mi ọ̀tún gùn ju tòsì lọ. Ọjọ́ náà gan-an lẹ gba àwọn aṣọ tí mo máa ń wọ̀ sábẹ́ jẹ́sì lọ́wọ́ mi, ẹ tú gbogbo ẹ̀, ẹ tún un rán, ẹ ń fi eyín já òwú bí ẹni pé kò sí sísọ́ọ̀sì lọ́jà. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tí àwọn kan ń sọ pé básíkẹ́tì kò yẹ ọmọ Mùsùlùmí, ẹ̀yin lẹ ń rán apá aṣọ gígùn àti ṣòkòtò gígùn fún mi. Ẹnu wọn pa mọ́. Ṣé mo tiẹ̀ dúpẹ́ fún ìyẹn rí?

Ìràwọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Orúkọ náà máa ń dùn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ṣùgbọ́n tó bá ti di àṣekágbá, ó máa ń wúwo. Ẹni tí wọn ò mọ̀ lè tàsé kó lọ sùn. Bí èmi bá tàsé, wọ́n á ti gbọ́ ní Gàmbàrí kí n tó bọ́ bàtà. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Póìntì kan ni wọ́n fi jù wá lọ, àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọ́n gbá mi ṣubú, rẹfirí sì ní kí n ju bọ́ọ̀lù méjì láìsí ẹni tó máa dí mi. Mo ju ọ̀kan, ó tàsé. Mo ju èkejì, ó tàsé. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ mí ní Ìràwọ̀ Ọ̀sán, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í rí nígbà tí wọ́n bá ń wá a.

Ẹ̀yin ò pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹ ra wàrà fún mi lọ́nà, ẹ ò sì sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù rárá, àfi pé mo ṣubú nígbà mẹ́fà. Ẹ kì í ka póìntì. Ìṣubú mi nìkan lẹ máa ń kà, tí ẹ ó máa fa tẹ̀sùbáà yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ náà inú ń bí mi, mo sì sọ fún yín lójú ọ̀nà pé kẹ́ ẹ má wá mọ́, pé tẹ̀sùbáà yín ń dà mí láàmú. Ẹ ní ó dáa. Ìdíje méjì ni ẹ ò fi wá. Nígbà tó di ìkẹta, mo rí yín lẹ́nu géètì, ẹ ń ṣe bí ẹni tó wá kí ọlọ́dẹ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ṣe bí ẹni tí kò rí yín. Ó yẹ kí n ti wá bẹ̀ yín lọ́jọ́ náà. Mo rò pé àyè ṣì wà.

Ohun tó kù nìyí: àdéhùn mi pẹ̀lú ẹgbẹ́ máa parí pẹ̀lú ìdíje yìí. Mo ti pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, orúnkún mi òsì sì ń ké bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn. Kóòṣì kò fi bò fún mi. Bí mo bá gbé ife, wọ́n á fi ọdún méjì kún un. Bí mi ò bá gbé e, wọ́n á wá ọmọ kékeré, orúkọ Ìràwọ̀ Ọ̀sán á sì máa bá mi kiri títí ayé. Mo gbà. Mo ti múra sílẹ̀.

Àfi bí fídáù, àdúà ogójì ọjọ́ yín, ṣe wá bọ́ sí ọjọ́ Sátidé kan náà.

Bùrọ̀dá Ìsíákà ló ka ọjọ́. Ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ kú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti Mọ́ńdè, ogójì sì já sí Jímọ̀. Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Mo tiẹ̀ ń dúpẹ́ pé màá ṣe fídáù ní Jímọ̀, màá gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé. Àáfà àgbà ti rìnrìn àjò nígbà fídáù ọjọ́ kẹjọ, ọmọ kéwú ẹ̀ kan ló wá ṣe é, ìyẹn ò sì bi wá ní nǹkan kan. Nígbà tí Àáfà dé, tí wọ́n lọ sọ ti ogójì fún un, ìbéèrè kan péré ló bi wọ́n: aago mélòó lẹ kú? A ti kírun Màgáríbì tán, Bàbá. Ẹ béèrè omi, omi dé, ẹ ti lọ. Oòrùn ti wọ̀ nígbà náà, ọjọ́ Túsìdeè ti wọlé ní ìṣirò ẹ̀sìn, ogójì sì di Sátidé. Bùrọ̀dá tó lọ sí ilé kéwú fún ọdún mẹ́sàn-án, kàlẹ́ńdà ara ògiri ló lọ ń kà! Ká ní ẹ wà láyé, ẹ ò bá ti fi ṣẹ̀sín títí ọdún á fi yí po.

Wọn ò lè ṣe é ní àárọ̀ kùtùkùtù. Àwọn èèyàn yín láti abúlé, lẹ́bàá Malete, kò lè dé kí aago mẹ́wàá tó lù, aago mẹ́wàá náà sì ni a gbọ́dọ̀ ti wà ní gbọ̀ngàn ìṣeré. Bùrọ̀dá wò mí. "Ta ló máa ń lọ ju bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ fídáù bàbá ẹ̀?" Mo pe Kóòṣì, mo sọ fún un pé mi ò ní wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, Ìyá béèrè jẹ́sì mi. Mo rò pé wọ́n fẹ́ gbé e pa mọ́ ni. Wọ́n fọ̀ ọ́, Bàbá, wọ́n sá a sórí okùn láàárín agbo ilé, níbi tí Bùrọ̀dá àti gbogbo àwọn àlejò ti ń rí i. Lẹ́yìn náà wọ́n wọlé lọ ṣa ìrẹsì. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìdí ẹ̀, nítorí ẹ mọ ojú tí wọ́n máa ń ṣe. Láàárọ̀ Sátidé wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ti gbẹ, mo sì mú un lọ bá àwọn ẹgbẹ́ mi.

Ẹ̀rù bà mí ní gbọ̀ngàn yẹn bí kò ṣe bà mí rí. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá bojú wo aago, mo ń ro ibi tí wọ́n ka Kùránì dé nílé. Nígbà tó di apá kẹta, póìntì mọ́kànlá ni wọ́n fi jù wá lọ. Mo pariwo mọ́ àwọn ọmọ wa, mo pariwo mọ́ ara mi, títí ohùn mi fi há pátápátá, tí mo wá ń fi ọwọ́ júwe. A bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn bá díẹ̀díẹ̀. Mo ṣubú nígbà márùn-ún, mo kà á fún yín. Nígbà tí póìntì wá dọ́gba, tí àkókò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọ́n tún gbá mi ṣubú, rẹfirí sì gbé bọ́ọ̀lù lé mi lọ́wọ́. Méjì, láìsí ẹni tó máa dí mi, bíi ti ọdún tó kọjá.

Mo ju ìkíní, ó tàsé. Mo gbọ́ Ìràwọ̀ Ọ̀sán látẹnu àwọn òǹwòran. Mo mí sínú, mo ju èkejì, ó lu irin, ó fò sókè, ó wọlé.

Póìntì kan péré ni, Bàbá. A gbé ife.

Mi ò dúró ya fọ́tò. Mo gun ọ̀kadà pẹ̀lú jẹ́sì lọ́rùn, mo délé lẹ́yìn aago mẹ́ta. Mo ti rò pé màá bá ìkòkò òfìfo àti àga tí wọ́n tò jọ. Òótọ́ ni pé àwọn àlejò ti jẹun, púpọ̀ nínú wọn ti lọ. Àmọ́ Àáfà ṣì jókòó lórí ẹní, Kùránì ti pé, àdúà ìkẹyìn nìkan ló kù, Bùrọ̀dá àti àwọn yòókù jókòó yí i ká, wọ́n ń wojú ọ̀nà. Àbúrò mi Ràmọ́tà fà mí sí ẹnu ọ̀nà, ó sọ ohun tí Ìyá sọ fún Àáfà nígbà tó fẹ́ kásẹ̀ àdúà nílẹ̀: "Ọmọ mẹ́fà ni bàbá wọn bí. Mi ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fi àmín ọmọ márùn-ún sìn ín."

Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi dúró. Bùrọ̀dá sún fún mi lórí ẹní, ó fi ọwọ́ nu eruku kúrò ní èjìká mi. Mi ò tíì sunkún láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ. Ibẹ̀ ni mo ti sun ún.

Àáfà ṣe àdúà, gbogbo wọn ṣe àmín. Mo la ẹnu, mo ṣe tèmi, ṣùgbọ́n ohùn kankan ò jáde, èémí lásán ni. Mo tún un ṣe. Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ọ?

Èmi ni, ọmọ yín kẹrin, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe sọ fún yín lọ.