Abẹ́rẹ́ Inú Ìbọ̀sẹ̀

Màmá mi,

Ṣé ara yín le? Ẹ̀yìn mi tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti jiná, mo dúpẹ́. Mo fi dígí méjì wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi láṣọ rírán, tí ẹ máa ń tú iṣẹ́ mi tó bá ti wọ́, ẹ ò lè rí àléébù nínú rírán dókítà yẹn!

Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ló ń yà mí lẹ́nu. Ó máa ń ta mí bí iná nígbà tí nǹkan kan ò kàn án. Lọ́jọ́ Ajé, mo bọ́ bàtà kí n tó tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, bí ẹ ṣe kọ́ mi, kí ẹsẹ̀ lè mọ bó ṣe ń lọ. Nígbà tí mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀ nírọ̀lẹ́, abẹ́rẹ́ ti wọ àtẹ́lẹsẹ̀ mi dé ìdí, n ò mọ̀! Mo ń wò ó bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ àlejò. Mo ní, "Ọlọ́run, irú kí lèyí?" Ẹ̀rín pa mí. Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ní kí n lọ sinmi ná, kò dá ọjọ́ tí n ó padà.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ sọ fún ọmọ mi pé aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ ń bọ̀. Tí ẹ bá yí inú aṣọ náà síta, ẹ ó rí i pé ọwọ́ ni mo fi rán an, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè yí i padà.