Máàpù Tí A Kò Sí Nínú Rẹ̀

                                                  Ilé Bámijókò,
                                                  Ẹ̀yìn Ọjà,
                                                  Ìsẹ̀-Èkìtì.
                                                  Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kọkànlá, 1957.

Ọmọlará, ọ̀rẹ́ mi tó ju ìyekan lọ,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n jẹ́wọ́, nítorí ó ti há mi lọ́fun: láti ìgbà tí wọ́n ti so èmi àti Matthew pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní oṣù tó kọjá, nígbà tí ìwọ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tí o kò lè wá, n kò tíì wọ ilé ọkọ. O rò pé mo ti ń dáná ní Ìkẹ́rẹ́, mo sì dákẹ́. Ilé bàbá mi ni mo ṣì wà! Ṣùgbọ́n má kígbe o. Ọ̀rọ̀ ti yanjú, inú mi sì ń dùn débi pé kálámù ń yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ó yá, ẹ kú ewu ọmọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣé ọmú ń tó o? Ṣé Kọ́láwọlé ọkọ rẹ ti yéé jí i lójú oorun kí ó lè rí i bó ṣe ń rẹ́rìn-ín? Màmá rẹ ńkọ́, ẹsẹ̀ wọn tó ń wú? Ọyẹ́ ti dé síbí, mo mọ̀ pé ti Òmùò á ju tiwa lọ. Ẹ máa fi àdí pa ọmọ lára dáadáa.

Máàpù ló fa gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àlùfáà òyìnbó tó kọ́ Matthew níwèé ń padà sí ìlú wọn, ó fún un ní máàpù Áfíríkà kan tí wọ́n ti tẹ̀ kí baba-ńlá àwọn baba wa tó dáyé. Bébà rẹ̀ nípọn bí aṣọ, ó pọ́n bí tíì. Àwọn atukọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú wo ilẹ̀ yìí ni nígbà náà: orúkọ ṣù bo etí òkun bí èèrà, ṣùgbọ́n àárín ilẹ̀ ṣófo. Erin kan, igi díẹ̀, ó tán. Àlùfáà ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé, kí Matthew má jẹ́ kí ohunkóhun ta sí i. Ọkọ mi, tíṣà jọ́gíráfì, kàn án mọ́ pákó, ó gbé e kọ́ sí ògiri pálọ̀ ilé wọn, lókè ibi tí wọ́n sin bàbá àgbà sí.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá rẹ̀, bi í pé kí nìyẹn. Ó ní ilẹ̀ wa ni. Wọ́n ní, “Ulé mi dà níbẹ̀?” Ó fi ìka kan ẹsẹ̀ erin. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí. “Ta ló kó wa kúrò?” Matthew rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó yà á kò dé ọ̀dọ̀ wa ni. Wọ́n ní, “Tíṣà, dá mi lóhùn: kí a tó dé ló yà á, àbí lẹ́yìn tí a bá lọ?” Wọ́n ní kí ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ìyàwó tó dé. Ó fi í síbẹ̀.

O mọ àṣà wa: bí wọ́n bá sin ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á kígbe àgò lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn inú ilé á dáhùn, kí wọ́n tó bu omi sí i lẹ́sẹ̀. Ilé tí kò bá dáhùn, ìyàwó kì í wọ̀ ọ́.

Lọ́ọ̀rì gbé wa dé Ìkẹ́rẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó, oòrùn ṣì ń pọ́n lára àpáta Olósùnta. Matthew ti ṣáájú lọ dúró dè wá. Láti ìdí ọjà ni a ti ń gbọ́ orin wọn. Bí a ṣe yà sí ojúde, orin dá. Àǹtí Esther tó ṣáájú wa kígbe, “Àgò onílé o!” Ikọ́ gbà á láàárín, mo sì bú sẹ́rìn-ín lábẹ́ ìbòjú. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ọmọlará, ojú mi ni mo fi rí i: fìtílà ń jó, àga tò yíká, oúnjẹ ń rú èéfín, kò sí ẹyọ ènìyàn kan. A ké e lẹ́ẹ̀mẹta. Àǹtí Esther ní, “Ẹ yí padà, ẹ má bojú wẹ̀yìn. Ọmọ wa kì í ṣe ẹbọ tí wọ́n ń gbé síwájú ilé òfìfo.” Dẹ́rẹ́bà fun fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó di Ìsẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Matthew dé, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó ní inú pálọ̀ ni gbogbo àwọn wà, lábẹ́ máàpù, àwọn ń kọrin, àwọn ń wo ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó wá. Babátúndé àbúrò rẹ̀ ní nǹkan kan ṣoṣo lòun gbọ́: bíi koríko gíga tó ń fì lójúde, níbi tí kò ti sí koríko.

Ìyá Àgbà ní ẹnikẹ́ni kò ní wẹ ẹsẹ̀ mi títí máàpù yẹn yóò fi rí wa. Kì í ṣe kí a sun ún o: “Ta ní í fi iná sí ilẹ̀ tó ń gbé?” Wọ́n ní kí Matthew fi ènìyàn sí i. Ó kọ̀, nítorí ìlérí tó ṣe fún ọ̀gá rẹ̀. Màmá mi ń sunkún ní kọ̀rọ̀. Àwọn aládùúgbò ń bi mí pé ṣé ọkọ mi kò ráyè ni. Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo ránṣẹ́ sí i pé kí ó mú ọ̀kan: bébà tí kò lábàwọ́n, tàbí èmi.

Lánàá, bó ṣe dé láti ilé ìwé, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá Àgbà po osùn, wọ́n ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ẹsẹ̀ erin. Gbogbo ilé tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn wọn. Matthew ló kẹ́yìn.

Wọn kò tíì nu ọwọ́ tán tí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà: “Àgò onílé o!” Ohùn Àǹtí Esther ni, pẹ̀lú ikọ́ láàárín, àti ẹ̀rín mi lẹ́yìn rẹ̀. Ìsẹ̀ sì ni èmi àti Àǹtí wà o, à ń ṣa ẹ̀wà! Ìyá Àgbà kò tilẹ̀ dìde. Wọ́n ní, “Tọjọ́sí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ẹ dá wọn lóhùn!” Gbogbo ilé pariwo, “Àgò yà!” títí ó fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Fèrè lọ́ọ̀rì wá dún lẹ́ẹ̀kan. Babátúndé sáré jáde, kò rí ọkọ̀ kankan. Matthew tí kì í gba irú èyí gbọ́ ló gun kẹ̀kẹ́ wá sọ ọ́ fún mi láàárọ̀ yìí.

Èmi? Mo jó yí agbada ìdáná ká! Bó pẹ́ títí, akólòlò á pe baba. Wọ́n ti dá mi lóhùn, Ìyá Àgbà sì ti ní kí wọ́n tún sìn mí wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ṣì ń bà mí díẹ̀, n kò fẹ́ kí ohùn tí yóò dáhùn àgò ó kéré nínú ilé náà. Nítorí náà, ẹ má tẹ̀ lé mi láti ìhín. Ìkẹ́rẹ́ ni kí ẹ gbà lọ tààrà, ìwọ, ọkọ rẹ, Màmá, àti ọmọ, kí ẹ tẹ àtàǹpàkò tiyín, kí ẹ sì jókòó sí pálọ̀. Bá mi kí Màmá. Sọ fún wọn pé mo ti wá àga tó rọ̀ fún ẹsẹ̀ wọn.

Ìyá Àgbà ní ẹni tó bá pẹ́, ìta ni yóò wà pẹ̀lú koríko náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé kí oòrùn tó yí, ní Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejìlá.

                                                  Èmi ni tìrẹ tayọ̀tayọ̀,
                                                  Àtinúkẹ́ Ọláníyì.