Ohun Tí Oyin Wa Pọ̀n

Ọmọ mi àtàtà,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n kọ ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí kí n má baà gbàgbé: lẹ́nu ọ̀nà àpótí oyin bàbá rẹ, oyin kan ń rákò, ìyẹ́ rẹ̀ ká kò bí ewé gbígbẹ, òmíràn kú tòun ti ohun tó pọ̀n, adìẹ dúró tì wọ́n, kò jẹ wọ́n. Ó dáa, ṣé àlàáfíà ni o wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Olúwa á máa ṣọ́ ọ. Ara mi le. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ránṣọ ní o ti gbàgbé òun, mo ní rárá, iṣẹ́ ni kò jẹ́.

O mọ̀ pé àpótí kan ṣoṣo yìí ló kù nínú èyí tí bàbá rẹ kú fi sílẹ̀. Bó bá ṣófo, kò ní sí ohun tó ń dún lẹ́yìnkùlé wa mọ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún ọ pé oyin ń kú, o ní kòkòrò kan ń jẹ ọ̀rá ara wọn, pé inú ọ̀rá yẹn ni agbára tí wọ́n fi ń bá àrùn jà wà, pé ó ti ba àjẹsára wọn jẹ́. Mo wo àwòrán tó o fi sórí fóònù. Kòkòrò náà tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo tú ẹ̀yìnkùlé, n kò rí ẹran tó tó bẹ́ẹ̀. Oyin tó pọnmọ nìkan ni mo ń rí, ọmọ pupa róbótó, mo sì ti ń kí wọn kú ewu ọmọ láti oṣù tó kọjá.

Ìwé mẹ́wàá tí mo kà kò jẹ́ kí n jókòó lásán. Bó bá jẹ́ àjẹsára ni, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń fúnni. Mo kó oyin díẹ̀ sínú ìgò, mo lu ìdérí rẹ̀ kí wọ́n lè mí, mo tò sẹ́yìn àwọn abiyamọ nílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì bèèrè káàdì ọmọ. Mo ní wọ́n pọ̀, kó kọ gbogbo wọn sórúkọ bàbá rẹ. Ó ní abẹ́rẹ́ òun gùn ju aláìsàn lọ. Kò rẹ́rìn-ín, èmi náà ò rẹ́rìn-ín. Ó mú awò tó ń sọ kékeré di ńlá, ó wò títí, ó ní kí n wá wò ó, pé ọmọ wo ló ń jẹ ìyá tó pọ̀n ọ́n? Kòkòrò inú àwòrán tó o fi ránṣẹ́ gan-an ni mo rí.

Ọmọ mi, olè ni mo ti ń kí kú oríire.

Mo délé, mo wọ́n ṣúgà lílọ̀ sí wọn lára bó o ṣe wí. Bí wọ́n ṣe ń nu ara wọn, bẹ́ẹ̀ làwọn ọmọ ìyà náà ń já bọ́ sórí bébà funfun. Àpótí ṣì ń dún.

Fi owó oògùn oyin ránṣẹ́, ṣùgbọ́n má fi gba inú fóònù lálẹ́ o. Mo máa ń pa á kó lè sinmi, owó á wá bá ilẹ̀kùn ní títì. Ohun tó o bá pọ̀n kò ní jẹ ọ́ lẹ́yìn.

Èmi ìyá rẹ ni. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni mo tó dùbúlẹ̀. Orí ẹní ni mo ti ń kọ ìlà yìí, mo sì ń gbọ́ àwọn oyin tí wọ́n ń dún.