Ìwé Àwòrán Tí O Fi Ránṣẹ́, àti Ẹ̀yìn Ìyá Rẹ

Fẹlẹlẹ, Lọ́kọ́jà,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, 1986.

Múyìwá ọmọ mi,

Òkun o. Ṣé àlàáfíà lo wà ní Kàdúná, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ ìhunṣọ gé ọ níka. Àwa náà wà, àmọ́ ìyá rẹ kò lè dìde ńlẹ̀, èmi ni mo sì fà á. Ojú ń tì mí, bébà méjì ni mo ti ya.

Ìwé àwòrán tí wọ́n fún yín níbi iṣẹ́ nípa bí a ṣe ń gbé ẹrù wúwo, tí o fi rán Oyèníyì awakọ̀ sí wa, ó dé. Ọkùnrin méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan na ẹsẹ̀ gbọnrangandan, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, wọ́n fa ìlà pupa méjì dábùú ara wọn lé e lórí. Ìkejì lóṣòó, ó gbá ẹrù mọ́ àyà, wọn kò fa nǹkan kan sí i. Ìwọ náà mọ̀ pé ní sítọ́ọ̀ sìmẹ́ǹtì wa létí odò, àpò tí akọ̀wé bá fi ṣọ́ọ̀kì fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ sí ni ká gbé, èyí tí kò bá ní, a kì í fọwọ́ kàn án. Mo ní ìwé ti yé mi.

Bí ìyá rẹ ṣe lóṣòó ti garawa omi bí ìṣe rẹ̀, mo bú u pé ó dà bí ọ̀pọ̀lọ́. Ó ní bí ìyá òun ṣe kọ́ òun nìyẹn. Mo ní ìyá rẹ̀ kò mọ̀wé. Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó na ẹsẹ̀ gbé àpò iṣu, èmi ń yìn ín lọ́wọ́, àfi kà! lẹ́yìn rẹ̀.

Kàrímọ́tù nọ́ọ̀sì tó wá tọ́jú rẹ̀ ló rí ìwé náà lára ògiri tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó sọ fún èmi nìkan pé èyí tí wọ́n fa ìlà lé ni ká má ṣe, pé èyí tó lóṣòó ló dára.

Ọmọ mi, ìyá rẹ ti ń sọ fún Martha aládùúgbò wa pé ọmọ tí òun bí ló fi ìwé ṣẹ́ òun lẹ́yìn. Mo gbọ́, mo ń fẹ́ iná, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko.

Láàárọ̀ yìí ni mo tó jẹ́wọ́ fún un pé èmi ni mo ṣi ìwé náà kà. Kò bú mi, ó ní kí n lọ pọnmi. Mo lóṣòó nídìí ẹ̀rọ omi, àwọn obìnrin ní ṣé Bàbá Múyìwá ń rọbí ni.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òògùn ìpara àti ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ẹ̀yìn rẹ kò ní ṣẹ́, ẹrù tó ju agbára rẹ lọ kò ní kàn ọ́.

Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé òun ti dá ọ láre. Nípa tèmi, kò tíì sọ nǹkan kan.

Èmi bàbá rẹ,
Olúṣínà.